Kí Wọ́n Má Ṣe Gé Fọ́tò Mi

Ọ̀kà Àkókó,
14 Oṣù Kẹta, 2016.

Fúnminíyì, ọmọ Ìyátúndé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ìyá rẹ kò fi iṣẹ́ alẹ́ ọsibítù pa ara rẹ̀? Ara tèmi le. Orúnkún òsì nìkan ló ń bá mi jiyàn, èmi náà sì ń dá a lóhùn.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, gbogbo Ìkàrẹ́ ló dúró jẹ́ẹ́ nítorí rẹ. Ọlọ́kadà kò gbé èrò. Àwọn oníṣu fi iṣu sílẹ̀. Ẹgbẹ̀rún èèyàn ló rọ́ kún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Zipporah láti wo bọ́ọ̀lù rọ́gbì tí ẹ gbá ní Sídínì. Nígbà tí o gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà, ariwo tí wọ́n pa dé Ugbe.

Ó dáa. Kì í ṣe ẹgbẹ̀rún. Èèyàn mẹ́rin ni wá, tí a bá ka obìnrin kan tó wá ṣe fọ́tókọ́pì ìwé ilẹ̀ mọ́ ọn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ti lọ kí o tó gbé bọ́ọ̀lù náà kọjá ibikíbi. Ṣùgbọ́n èmi pariwo, ọlọ́kadà kan sì bojú wẹ̀yìn. Èyí jẹ́ òótọ́.

Ohun tí mo rí kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ bí mi nínú. Ta ló ṣe òfin pé kí èèyàn máa sáré síwájú, kí ó sì máa ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn? Ẹ̀yin mẹ́tàlá, àwọn mẹ́tàlá, kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé. Ọmọ pupa kan tó tóbi bíi fìríìjì gbé ọ lulẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, rẹfirí sì dúró tì í, ó ń wò ó níran. Ta ni bàbá ọmọ yẹn? Kí o gba àdírẹ́sì wọn fún mi.

O pé ọdún mọ́kàndínlógún ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí. Mo gbàdúrà fún ọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì títí wọ́n fi ní kí n jókòó.

O ní kí n fi fọ́tò mi ránṣẹ́ fún ìwé ìròyìn kíláàbù yín, pé wọ́n ń wá fọ́tò àwọn òbí àgbà gbogbo yín. Zipporah ti yà mí ní iwájú ilé, ó sì ti fi ránṣẹ́. Agbádá ìgbéyàwó mi ni mo wọ̀. Mo gbé fúrémù kan tó wà ní pálọ̀ lé ẹsẹ̀, kí ọwọ́ mi má baà ṣòfo. Sọ fún wọn kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tóbi, kí wọ́n má sì gé nǹkan kan kúrò níbẹ̀, kódà àtàǹpàkò mi tí búlọ́ọ̀kù já lé, tí èékánná rẹ̀ dúdú. Àwọn oníwèé ìròyìn, wọ́n fẹ́ràn àtigé èèyàn.

Fákúnlé, ọ̀rẹ́ mi ojúkojú ilé wa, kí ọ. Ó bi mí bóyá wọ́n ń sanwó fún ẹni tó ń gbé ọ lulẹ̀. Mo ní wọ́n ń san. Ó ní tó bá jẹ́ èmi Joseph ni wọ́n fẹ́ gbé lulẹ̀, òun á ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Gbọ́ládé ọmọ ọmọ rẹ̀ ti gba ìgbéga ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìṣùà, a kò sì tíì sinmi láti ọjọ́ náà.

Fi fìlà kíláàbù yín kan ránṣẹ́. Kì í ṣe kékeré.

Èmi bàbá ìyá rẹ,
Joseph Olúyọmí,
bíríkìlà tó kọ́ ìdajì Ọ̀kà. Ilé mọ́kànlá.


Sídínì,
29 Oṣù Kẹta, 2016.

Bàbá mi àgbà,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ibi tí mo wà. Ìyá mi ní kí ẹ dín iyọ̀ kù. Mo ti sọ fún wọn pé ẹ ò ní dín in kù.

Fọ́tò yín ti jáde. Ojú ewé kan gbáko ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, wọn ò gé nǹkan kan. Kóòṣì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá tí a ti ń múra. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè yín ní Ọba. Mo ní ẹ kì í ṣe ọba. Wọ́n ní ṣé ẹ̀yin fúnra yín mọ̀.

Ẹ má bínú sí ọmọ pupa yẹn. Òfin ni. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n lè gbé wa lulẹ̀ kí a tó yọ̀ǹda bọ́ọ̀lù, nítorí náà ìṣubú kì í ṣe ìtìjú. Etí pápá ni mo ń dúró sí. Tí bọ́ọ̀lù bá dé ọwọ́ mi, kí n ṣáà sáré ni.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹlòmíì. Ìdíje yìí, àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún nìkan ni wọ́n ń gbà. Lọ́dún tó ń bọ̀ màá ti dàgbà jù. Tí sáà yìí bá parí ní oṣù kẹwàá, ẹni méjì péré ni kíláàbù máa mú nínú wa lọ sínú ẹgbẹ́ àgbà, láti máa fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe. Kóòṣì ní mo wà lára àwọn márùn-ún tí òun ń wò. Ọdún kan péré ni mo ní, Bàbá. Ẹ fi mí sínú àdúrà, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ní kí ẹ jókòó.

Ẹ kí Bàbá Fákúnlé. Ẹ má bá wọn jà.

Fúnminíyì yín.


Ọ̀kà Àkókó,
8 Oṣù Karùn-ún, 2016.

Fúnminíyì Ọba-ọmọ,

Zipporah ti tẹ ojú ewé náà jáde fún mi, mo sì ti gbé e kiri Ìkàrẹ́ títí igun rẹ̀ fi ká. Àwọn èèyàn ń dúró kí mi lójú títì. Ó dáa, ẹni méjì.

Ọ̀ràn kan ń bí mi nínú. Àná ni ìpàdé ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Wọ́n gbé iyán wá, Fákúnlé sì kọ́kọ́ bù ú. Ó ti ń kọ́kọ́ bù ú láti ọdún 1963 tí a jọ wọ ẹgbẹ́, nítorí pé ó fi ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú mi dé ayé. Ọjọ́ mẹ́rin péré. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mo ti ń bu omi sí i lọ́wọ́ kí ó tó jẹun, ó sì máa ń fọ̀ ọ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ohun kan ló ń tù mí nínú. Láti Kérésìmesì 2014 tí o wálé, tí ìwọ àti Gbọ́ládé jọ wọ ẹgbẹ́, ìwọ lo ṣáájú. Gbọ́ládé tó ní irùngbọ̀n, tó ń gba owó oṣù, òun ni yóò máa bu omi fún ọ títí ayé. Mo rán Fákúnlé létí lánàá. Iyán ló ń jẹ.

Fìlà mi ńkọ́?

Joseph Olúyọmí.


Sídínì,
19 Oṣù Kẹfà, 2016.

Bàbá mi àgbà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ti dá mi dúró.

Kíláàbù kan tí a nà fi ẹjọ́ mi sùn ní ọ́fíìsì tó ń darí ìdíje. Wọ́n ní àwọn rí ìwé-ẹ̀rí kan láti ilé, ìwé ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní Ọ̀kà, tó ní òǹtẹ̀, tó sì sọ pé 9 Oṣù Kẹta, 1994 ni wọ́n bí mi. Pé ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, mo ń bá àwọn ọmọdé ṣeré. Mo ní 1997 ni. Mo fi ìwé ìrìnnà mi hàn wọ́n. Wọ́n ní ohun tí òbí bá sọ ni wọ́n ń kọ sí i nílùú wa. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ìwé méjì ti ta kora, àfi kí àwọn tó ṣe ti ẹgbẹ́ kọ̀wé wá pé àwọn ló ṣì í.

Ẹni kan nínú àwọn tí a jọ ń múra bi mí pé ṣé mo ti níyàwó sílé. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi tí mi ò parọ́ rí, Bàbá.

Ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ló kọ 1994 sínú ìwé yẹn?

Fúnminíyì.


Ọ̀kà Àkókó,
27 Oṣù Kẹfà, 2016.

Fúnminíyì,

N kò kí ọ pẹ́. Inú ń bí mi débi pé bírò ti ya bébà níbi méjì.

Ta ni àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì yẹn? Àwọn ni yóò wá sọ ọjọ́ orí ọmọ ọmọ mi fún mi? Èmi ni mo gbé omi gbígbóná wọ yàrá lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ ní Àkúrẹ́. Ó dáa, ìyá àgbà rẹ ló gbé e. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n mo mọ ọdún tí mo ṣí i.

Mo mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí. Ta ló tún kù? Gbọ́ládé ní ẹ̀rọ kan ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìṣùà tó ń gbé ìwé mì, tó sì ń pọ̀ ọ́ sí òkè òkun. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa bu omi fún ọ. Mo sọdá títì lọ bá Fákúnlé. Ó ń kan ẹsẹ̀ àga.

Mo ní, “Fákúnlé, ẹ ti ta ọmọ mi.”

Ó ní, “Èló? Torí mi ò tíì rí owó náà.”

Mo ní, “Àwàdà kọ́. Gbọ́ládé ló fi ìwé ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó.”

Ó gbé òòlù sílẹ̀. Ó ní, “Joseph, Gbọ́ládé kò mọ ọ̀nà bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá, ká má tíì sọ èyí tí ẹ̀ ń fi orí gbá. Ìwé wo?”

Mo ní ó mọ ìwé wo. Mo sọ ọ́ kíkan, kí àwọn tó ń kọjá lè gbọ́, wọ́n sì gbọ́. Mo pe Gbọ́ládé ní ẹni tó ta ọmọ ilé. Fákúnlé gbé àga rẹ̀ wọlé, tòun ti ẹsẹ̀ mẹ́ta.

Mo ti wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, mo ti gba ìwé ìrìbọmi rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣe é. 1997 ló wà níbẹ̀, gbàgà. Zipporah ti fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kí wọ́n gba ìyẹn, kí wọ́n sì bẹ̀ ọ́.

Joseph Olúyọmí.


Ọ̀kà Àkókó,
25 Oṣù Keje, 2016.

Fúnminíyì,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti gun ọ̀kadà lọ sí Ìkàrẹ́ láti bèèrè lẹ́tà rẹ, Zipporah á sì mi orí kí n tó sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ń gbé yín lulẹ̀ kí ẹ tó yọ̀ǹda bọ́ọ̀lù, àbí? Èmi kò yọ̀ǹda.

Kí ni mo ṣe? Èmi ni mò ń jà fún ọ. Fákúnlé kò gbé àga rẹ̀ síta mọ́. Láti ọdún tí mo kọ́ ilé yìí, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ rí tí mo bá ṣí fèrèsé. Báyìí, ògiri rẹ̀ ni mò ń rí, mo sì rí i pé sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò dọ́gba.

Gbọ́ládé wá bá mi ní ọjọ́ Àìkú. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Bàbá, mi ò fi ìwé kankan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yín bú mi níbi iṣẹ́.” Mo ní kí ó dìde, aṣọ rẹ̀ ń dọ̀tí. N kò sọ ju ìyẹn lọ. Ó yẹ kí o gbóríyìn fún mi.

Ní ti ọ̀rọ̀ 1994 tí o bèèrè, ó lè jẹ́ pé Rufus akọ̀wé ẹgbẹ́ kò gbọ́ mi dáadáa. Etí Rufus kò yé mi.

Kọ̀wé, ọmọ yìí. Kódà kí o bú mi.

Bàbá rẹ àgbà.


Sídínì,
7 Oṣù Kẹjọ, 2016.

Bàbá mi àgbà,

Ẹ kú ilé. Mi ò kọ̀wé nítorí pé mi ò fẹ́ kọ ohun tí ọmọ kò gbọdọ̀ kọ sí bàbá rẹ̀.

Wọn ò gba ìwé ìrìbọmi náà. Ẹni tó ṣe ìwé tó ta kò ó ni kí ó sọ̀rọ̀, wọ́n ní ìyẹn ò yí padà. Eré méje ni mo ti fi jókòó lẹ́yìn okùn báyìí, tí mo ń gbé igò omi fún àwọn tó wọ bàtà. Ọmọ tí wọ́n fi sí ipò mi, ó ń sáré bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

Mo bi yín ní ìbéèrè kan ní oṣù kẹfà. Ẹ ti kọ lẹ́tà méjì, ẹ sọ ti omi gbígbóná, ẹ sọ ti sìmẹ́ǹtì, ẹ sọ ti etí Rufus. Ẹ kò dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe àwàdà lórí èyí.

Ta ló kọ 1994?

Fúnminíyì.


Ọ̀kà Àkókó,
15 Oṣù Kẹjọ, 2016.

Fúnminíyì,

Èmi ni.

Ṣé inú rẹ dùn? Ní ìpàdé Kérésìmesì yẹn, ẹni tí kò bá tíì pé ogún ọdún kò lè wọ ẹgbẹ́, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún sì ni ọ́. Ìgbà tí wọn yóò tún gba èèyàn, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni. Gbọ́ládé ń wọlé lọ́jọ́ náà. Mo ro ó pé ìwọ náà yóò máa bu omi sí ọmọ ọmọ Fákúnlé lọ́wọ́ títí èmi yóò fi kú, àti lẹ́yìn tí mo bá kú. Àyà mi kò gbà á. O ga ju gbogbo wọn lọ. Àkúrẹ́ ni wọ́n ti bí ọ, ta ló fẹ́ mọ̀ ní Ọ̀kà? Oṣù kẹjọ 1994 ni wọ́n bí Gbọ́ládé. Mo sọ fún Rufus pé oṣù kẹta 1994 ni tìrẹ. Rufus gbọ́ mi ketekete. Kò sí ohun tó ṣe etí rẹ̀.

Ìwọ kò mọ̀. Wọ́n ní kí o fọwọ́ sí i, o fọwọ́ sí i, o ń wo ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ pa.

Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Irọ́ tí mo pa nílé wa, ilé wa ló yẹ kó wà. Kí ló kan òyìnbó nínú bí a ṣe ń to ara wa sídìí iyán? Ní Ọ̀kà wọ́n ní o kò tíì dàgbà tó, ní Sídínì wọ́n ní o ti dàgbà jù, èmi ni wọ́n sì ń bínú sí níbi méjèèjì. Ẹni tó gbé ìwé náà jáde ló ṣẹ̀ ọ́, ẹni náà ń gbé ojúkojú mi.

O fẹ́ kí n lọ síwájú ẹgbẹ́, kí n sọ pé mo parọ́, kí Fákúnlé sì máa gbọ́. Jẹ́ kí ọdún iṣu tuntun kọjá ná. N kò lè jẹ iyán lójú wọn lẹ́yìn irú ìyẹn.

Joseph.


Sídínì,
12 Oṣù Kẹsàn-án, 2016.

Bàbá mi àgbà,

Ẹ ṣé tí ẹ sọ òótọ́ yẹn. Ó kù díẹ̀.

A ti wọ ìpele àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn, láìsí mi. Tí a bá borí lọ́sẹ̀ yìí, àṣekágbá yóò wáyé ní 2 Oṣù Kẹwàá. Ọ́fíìsì ní tí ìwé ẹgbẹ́ bá dé lọ́wọ́ àwọn kó tó di alẹ́ Wẹ́sídeè, 28 oṣù yìí, àwọn á jẹ́ kí n wọ pápá. Tí kò bá dé, sáà mi parí, orúkọ mi á sì wà lọ́dọ̀ wọn bí ti òpùrọ́.

Mo ní kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n rí gbà hàn mí. Wọ́n fi hàn mí lónìí. Kì í ṣe ìwé, Bàbá. Fọ́tò ni wọ́n sọ di ńlá. Ìwé-ẹ̀rí náà wà nínú fúrémù. Ọwọ́ kan di fúrémù náà mú, etí agbádá kan sì yọ díẹ̀ níbẹ̀. Èékánná àtàǹpàkò ọwọ́ náà dúdú.

Mo mọ àtàǹpàkò yẹn. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń so okùn bàtà.

Ẹ wo ojú ewé tí ẹ gbé kiri Ìkàrẹ́. Mi ò ní sọ ju ìyẹn lọ.

Fúnminíyì.


Ọ̀kà Àkókó,
27 Oṣù Kẹsàn-án, 2016.

Fúnminíyì,

Ìwé ẹgbẹ́ ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù Zipporah ní aago mẹ́ta ọ̀sán òní, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ìfọwọ́sí àwọn mẹ́ta. Mo dúró títí ẹ̀rọ fi sọ pé ó ti dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ. Ó ní òun ń gbé e lọ sí ọ́fíìsì fúnra òun.

O ti rí i bí mo ṣe pẹ́ tó. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń wo ojú ewé yẹn. Lọ́jọ́ kìíní mo ní kì í ṣe àtàǹpàkò mi. Lọ́jọ́ kejì mo ní òyìnbó ló yí i. Lẹ́yìn ìyẹn mo kàn ń wò ó.

Mo lọ síwájú ẹgbẹ́ láàárọ̀ àná. Mo ní mo fi ọdún mẹ́ta kún ọjọ́ orí rẹ. Rufus ṣí ìwé ńlá, ó bèèrè pé ṣé kí òun fi ìlà pa orúkọ rẹ rẹ́. Mo ní kí ó pa á rẹ́. Ó lo rúlà. Kò tiẹ̀ fi ọwọ́ lásán ṣe é.

Fákúnlé ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Joseph, ọdún mẹ́ta tí o fi kún ti ọmọ yẹn, bá mi yọ ọ́ kúrò nínú tèmi.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi ń wúkọ́. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde.

Wọ́n ní kí n máa jókòó sí ìsàlẹ̀ pátápátá fún ọdún kan, kí n máa bu omi fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ jẹun, àti àwọn ọmọ tí mo ju bàbá wọn lọ. Gbọ́ládé gba omi lọ́wọ́ mi. Kò gbé ojú sókè. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ kíákíá, ó dúpẹ́.

Wọ́n bèèrè bí ìwé náà ṣe dé òkè òkun. Mo ní ẹnu ti rẹ̀ mí.

Nítorí náà wọ́n ṣì gbà pé Gbọ́ládé ni. N kò tíì sọ ti fọ́tò.

Joseph.


Sídínì,
4 Oṣù Kẹwàá, 2016.

Bàbá mi àgbà,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Wọ́n gba ìwé náà. Alẹ́ Wẹ́sídeè ni ìyá mi fi lé wọn lọ́wọ́, pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, nígbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn.

Kóòṣì fi mí sínú àṣekágbá ní abala kejì. Mo gbé bọ́ọ̀lù kan kalẹ̀ ní igun, lẹ́yìn ìlà, èèyàn méjì sì wà lẹ́yìn mi. Àmì mẹ́rin nìyẹn. Ogún sí méjìdínlógún ni wọ́n fi borí wa.

Wọ́n ti mú àwọn méjì tó ń lọ sí ẹgbẹ́ àgbà. Mi ò sí níbẹ̀. Kóòṣì ní òun kò lè mú ẹni tí òun kò rí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ní kí n padà wá ní oṣù kìíní, òun á wò mí bóyá. Bóyá ni mo ní báyìí.

Mo sunkún, mo sì ti parí ẹkún.

Gbọ́ládé kọ̀wé sí mi lórí Facebook. Kò bú mi. Ó ní àwọn ẹbí ọmọbìnrin tí òun fẹ́ fẹ́ ní Ṣúpárè ti gbọ́ pé òun ta ọmọ ilé, wọ́n ní àwọn ṣì ń rò ó. Ó bi mí bóyá mo mọ ẹni tó ṣe é. Mi ò dá a lóhùn. Kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kó ti gbọ́ ọ.

Ìwé ìròyìn kíláàbù náà ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ọ́, Bàbá. Ẹ kọ ọ́ kúkurú. Màá túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, màá sì ní kí wọ́n má gé nǹkan kan.

Fìlà yín wà lọ́nà. Èyí tó tóbi jù ni.

Fúnminíyì.


Ọ̀kà Àkókó,
11 Oṣù Kẹwàá, 2016.

Fúnminíyì ọmọ mi,

Mo kú iṣẹ́ ibi. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ pé gbogbo Ọ̀kà ló wo bọ́ọ̀lù tí o gbé kalẹ̀ ní igun. Mo jáwọ́. Zipporah àti èmi ni a wò ó. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lọ. Mo rí i dé òpin, mo rí i nígbà tí o jókòó sílẹ̀ tí o bo ojú.

Kí n tó fi ìwé tó wà nísàlẹ̀ yìí ránṣẹ́, mo gbé e sọdá títì. Fákúnlé wà nínú ilé. Gbọ́ládé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo kà á sí wọn létí lórí ìdúró, wọn kò fún mi ní àga. Nígbà tí mo parí, Fákúnlé ní, “Tún un kà.” Mo tún un kà. Ó ní, “Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ lọ sílẹ̀ níbi àtàǹpàkò.” Mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Gbọ́ládé ní kí n fún òun ní ẹ̀dà kan, òun fẹ́ gbé e lọ sí Ṣúpárè. Mo ní èmi fúnra mi ni yóò gbé e lọ. A ń lọ ní Sátidé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìwé náà nìyí. Kí wọ́n má gé e.

Èmi Joseph Olúyọmí, bíríkìlà, mo kọ́ ilé mọ́kànlá ní Ọ̀kà Àkókó. 9 Oṣù Kẹta, 1997 ni wọ́n bí Fúnminíyì ọmọ ọmọ mi. Èmi ni mo sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ pé 1994 ni, kí ó lè ṣáájú ọmọ ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ náà kò mọ̀. Èmi ni mo fi ìwé-ẹ̀rí náà sínú fúrémù, tí mo gbé e lé ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yà mí, tí mo fi àtàǹpàkò mi dì í mú. Èmi ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tóbi. Gbọ́ládé kò fi ìwé kankan ránṣẹ́. Fákúnlé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo pe Gbọ́ládé ní ẹni tó ta ọmọ ilé lójú títì, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko lẹ́yìn tí mo ti mọ̀ pé èmi ni.